Búrẹ́dì Kọ́nẹ̀lì

Lẹ́yìn ilé Bàbá Ayẹni ní New Bodija, ilé ẹṣin kan wà níbẹ̀ tó dára ju yàrá ọ̀pọ̀ ayálégbé Agbowó lọ. Bàbá Ayẹni ti jẹ́ akọ̀wé àgbà ìjọba rí, títí di òní kò sì tíì gbà pé òun ti fẹ̀yìn tì. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan lọ́dún 1996 ni Dókítà Ọlọ́runtóyìn, obìnrin tó ń wo ẹran, dé ibẹ̀, nítorí pé Kọ́nẹ̀lì, ẹṣin kúkúrú tí Bàbá ń sìn, kò gbé ẹsẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú. Dókítà yìí kì í pariwo mọ́ èèyàn. Ó kàn máa ń wò wọ́n títí ojú á fi tì wọ́n ni.

DÓKÍTÀ: Ẹ káàárọ̀, sà.

BÀBÁ AYẸNI: Káàárọ̀, Dókítà. Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, mo ti mọ ohun tó ń ṣe é. Òtútù ló mú un lẹ́sẹ̀.

DÓKÍTÀ: Òtútù. Nínú oṣù Mááṣì, ní Ìbàdàn.

BÀBÁ AYẸNI: Òtútù inú ni.

DÓKÍTÀ: Tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, kí lẹ wá pè mí fún?

BÀBÁ AYẸNI: Kẹ́ ẹ lè fọwọ́ sí i.

Dókítà wọlé lọ bá ẹṣin. Kọ́nẹ̀lì tẹ̀ sẹ́yìn, ó na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì síta bí ẹni tó fẹ́ jókòó tí kò rí àga. Ikùn rẹ̀ kan ògiri lọ́tùn-ún, ó kan igi lósì.

DÓKÍTÀ: Ọmọ ọdún mélòó ni?

BÀBÁ AYẸNI: Mọ́kàndínlógún. Ṣẹ́ ẹ rí bó ṣe ń dán? Àwọn tó ń kọjá lọ máa ń dúró wò ó. Wọ́n á ní, ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin báyìí, báwo ni yóò ti tọ́jú ìyàwó rẹ̀.

DÓKÍTÀ: (ó tẹ ọrùn ẹṣin) Ọ̀rá ló kún ibí yìí, Bàbá. Ó le bíi táyà.

BÀBÁ AYẸNI: Iyì ni.

DÓKÍTÀ: Iyì ọ̀hún ti sọ̀ kalẹ̀ dé pátákò. Ẹ fọwọ́ kàn án, ó gbóná. Inú rẹ̀ ti wú, pátákò ò sì fẹ̀. Ó dà bí ìgbà téèyàn wọ bàtà tó fún un, tí kò lè bọ́ ọ. Kí ló ń jẹ?

BÀBÁ AYẸNI: Koríko.

DÓKÍTÀ: Kí ló tún ń jẹ?

BÀBÁ AYẸNI: Omi.

DÓKÍTÀ: Koríko àti omi ló kó ikùn yìí jọ.

BÀBÁ AYẸNI: Àti àgbàdo díẹ̀.

DÓKÍTÀ: Díẹ̀ náà tó mélòó?

BÀBÁ AYẸNI: Kóńgò kan. Láàárọ̀. Àti nírọ̀lẹ́. Àti ìrèké, nítorí eyín rẹ̀.

DÓKÍTÀ: Kí ló ṣe eyín rẹ̀?

BÀBÁ AYẸNI: Kò ṣe nǹkan kan. Ó fẹ́ràn ìrèké ni.

Dókítà yí ojú sí kọ̀rọ̀. Àga kan wà níbẹ̀, tìmùtìmù wà lórí rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ni ọ̀rá búrẹ́dì mẹ́rin wà, àti ìgò mọ́ọ̀tì mẹ́ta, agolo bọ́tà, ọ̀bẹ, pẹ̀lú awò ojú tí wọ́n fi ń kàwé.

DÓKÍTÀ: Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?

BÀBÁ AYẸNI: Kọ́nẹ̀lì ló ni wọ́n.

DÓKÍTÀ: Kọ́nẹ̀lì ń mu mọ́ọ̀tì.

BÀBÁ AYẸNI: Tí oòrùn bá mú.

DÓKÍTÀ: Òun náà ló so ohun tí wọ́n fi ń ṣí ìgò mọ́ ìṣó òkè yẹn?

BÀBÁ AYẸNI: Ó ga ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

DÓKÍTÀ: Bọ́tà tún ńkọ́? Ṣé kì í jẹ búrẹ́dì lásán ni?

BÀBÁ AYẸNI: Dókítà, sójà àgbà ló ni ẹṣin yìí kó tó dọ́wọ́ mi. Ilé rere ló ti wá.

Bàbá rọra fi ẹsẹ̀ ti agolo bọ́tà sábẹ́ àga. Ìgbà tí agolo dún ló tó yé e pé Dókítà ń wo ẹsẹ̀ òun.

DÓKÍTÀ: Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà tó máa yé òṣìṣẹ́ ìjọba. Tí ẹṣin bá jẹ nǹkan dídùn, ṣúgà á wọnú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlínì ni mẹ́sẹ́ńjà tó ń gbé ṣúgà yẹn wọnú ẹran ara. Ara Kọ́nẹ̀lì ti ń gbó, ó sì ti sanra jù, kò gbọ́ ti mẹ́sẹ́ńjà mọ́. Mẹ́sẹ́ńjà ń kan ilẹ̀kùn, wọn ò ṣí. Ara á tún rán òmíràn, á tún rán òmíràn, títí ọ̀dẹ̀dẹ̀ á fi kún fún mẹ́sẹ́ńjà. Àpọ̀jù wọn ló ń ba pátákò jẹ́.

BÀBÁ AYẸNI: Ní ọ́fíìsì tèmi, a máa ń dá mẹ́sẹ́ńjà lóhùn.

DÓKÍTÀ: Lẹ́yìn oṣù mélòó?

BÀBÁ AYẸNI: Ó dá lórí fáìlì.

DÓKÍTÀ: (ó mú bébà àti bírò) Mo máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ da yanrìn sílẹ̀ fún un kó lè dúró lórí nǹkan tó rọ̀, kẹ́ ẹ sì máa da omi tútù sí i lẹ́sẹ̀. Láti òní lọ, kò sí àgbàdo. Kò sí ìrèké, kò sí mángòrò tó já sílẹ̀. Kò sí búrẹ́dì.

BÀBÁ AYẸNI: Èyí tó dúdú yẹn ńkọ́? Èyí tí wọn ò bó èèpo àlìkámà rẹ̀?

DÓKÍTÀ: Ta ló sọ ìyẹn fún ẹṣin?

BÀBÁ AYẸNI: Mo kàn béèrè ni.

DÓKÍTÀ: Koríko gbígbẹ nìkan. Kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ sómi fún wákàtí kan...

BÀBÁ AYẸNI: Ká wá da omi rẹ̀ nù, kí ṣúgà inú rẹ̀ bá omi lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe gàrí.

DÓKÍTÀ: Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti san dáadáa, kó máa...

BÀBÁ AYẸNI: Kó máa rìn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, kó má sì dúró kí ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Dókítà fi bírò sílẹ̀.

DÓKÍTÀ: Níbo lẹ ti gbọ́ ọ?

BÀBÁ AYẸNI: Rédíò.

DÓKÍTÀ: Rédíò ń sọ̀rọ̀ ẹṣin.

BÀBÁ AYẸNI: Èèyàn ni wọ́n ń bá wí. Mo kàn fi wé e ni.

DÓKÍTÀ: Bàbá, ta ni ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe nínú ilé yìí?

BÀBÁ AYẸNI: Ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Fèrèsé kíṣìnì ṣí sílẹ̀.

Ó fa àga tó wà ní kọ̀rọ̀ mọ́ra, ó jókòó sórí rẹ̀. Àga náà mọ̀ ọ́n dáadáa, kò tiẹ̀ dún.

BÀBÁ AYẸNI: Ó ti di ọdún mẹ́ta. Dókítà kan ní Ring Road ló sọ ọ́, mo sì ṣèèṣì mú ìyàwó mi dání lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì ni Màmá Fúnlọ́lá kó tó fẹ̀yìn tì. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń fi kọ́kọ́rọ́ ti kọ́bọ́ọ̀dù. Nínú ilé tí mo kọ́! Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn Kọ́nẹ̀lì. Òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ ra búrẹ́dì fún un ní Agbowó láràárọ̀. Á ṣì gbóná.

DÓKÍTÀ: Ẹ wá ń gba búrẹ́dì lẹ́nu ẹṣin.

BÀBÁ AYẸNI: Mi ò gbà á. À ń pín in ni. Òun ló ń jẹ èèpo.

DÓKÍTÀ: Ẹ kú inúure.

BÀBÁ AYẸNI: Ẹ bá mi kọ bébà yẹn lọ́nà míì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kọ ọ́ pé kí búrẹ́dì ṣì máa wọlé, ṣùgbọ́n kí ẹṣin má jẹ ẹ́. Kí èmi kàn máa yẹ̀ ẹ́ wò.

DÓKÍTÀ: Kẹ́ ẹ máa yẹ búrẹ́dì wò.

BÀBÁ AYẸNI: Títí á fi tán.

DÓKÍTÀ: Mo ti ń wo ẹran láti ogún ọdún. Mo ti rí ẹni tó jí oúnjẹ ajá, mo ti rí ẹni tó jí ẹyin adìyẹ. Mi ò tíì rí ẹni tó ń fi àìsàn ẹṣin bo ọ̀fun ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ gbọ́ mi. Tí pátákò yìí bá tún gbóná báyìí lẹ́ẹ̀kan sí i, egungun inú rẹ̀ lè yí. Tó bá yí, abẹ́rẹ́ ìkẹyìn ni màá gbé wá, kì í ṣe bébà.

BÀBÁ AYẸNI: Ṣé ó lè kú?

DÓKÍTÀ: Òun ló máa ṣáájú. Ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀ lé e.

Bàbá Ayẹni wo Kọ́nẹ̀lì. Kọ́nẹ̀lì náà wò ó. Inú Bàbá bàjẹ́ gidi, kò sì sí ẹ̀tàn nínú èyí.

BÀBÁ AYẸNI: Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n fún mi ní aago, wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó tún yà kí mi. Ẹṣin yìí nìkan ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mi parí. Mo fẹ́ràn rẹ̀, Dókítà.

DÓKÍTÀ: Ẹ fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ wá ń fi oúnjẹ pa á.

BÀBÁ AYẸNI: Ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀, kẹ́ ẹ fún Màmá Fúnlọ́lá. Búrẹ́dì ti tán nínú ilé yìí.

DÓKÍTÀ: Ó dá yín lójú pé kò sí nǹkan mọ́ níbí?

BÀBÁ AYẸNI: Díákónì ni mí ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Kò sí nǹkan kan.

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, Kọ́nẹ̀lì, tí kò gbé ẹsẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú, gbé ọ̀kan. Ó mí kanlẹ̀. Ó gbé ìkejì. Ó ti imú bọ inú àpò agbádá díákónì, ó sì fa ìlàjì búrẹ́dì jáde, tòun ti bọ́tà.

DÓKÍTÀ: (ó já a gbà lẹ́nu ẹṣin) Ẹ ní kò lè rìn.

BÀBÁ AYẸNI: Ti àná nìyẹn. Mo ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

DÓKÍTÀ: Ó ṣì gbóná.

Dókítà mú àwọ̀n líle kan jáde nínú báàgì, irú èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu ẹṣin kó má lè ṣa ohun tí wọn ò fún un jẹ. Ó wọ̀ ọ́ fún Kọ́nẹ̀lì, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn etí rẹ̀.

BÀBÁ AYẸNI: Ẹ wo ìwọ̀sí! Ẹ di ẹnu àgbà!

DÓKÍTÀ: Olè ni.

BÀBÁ AYẸNI: Ó dáa, a gbà. Ó tiẹ̀ bá a mu. Ó kúkú jẹ̀bi.

Dókítà tún na ọwọ́ sínú báàgì, ó mú àwọ̀n kejì jáde, ó gbọ̀n ọ́n nù.

BÀBÁ AYẸNI: Ta ló ni ìyẹn? Ẹṣin kan ṣoṣo ni mo ní.

DÓKÍTÀ: Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, sà.