Ẹjọ́ Mọ́tò Tó Gbé Ìyàwó Kọjá Ilé Ọkọ

Ẹjọ́ kan dé ààfin Mógàjí àdúgbò wa lánàá, n ò rí irú ẹ̀ rí látìgbà tí òyìnbó ti gbé mọ́tò wọ Ìlọrin. Mo jókòó ti òpó, mo fi etí agbádá dí ẹnu, torí wọn kì í rẹ́rìn-ín níwájú Mógàjí.

Sàní ahunṣọ ló pẹjọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ránkàdédè, Mógàjí. Wọ́n ti so yìgì èmi àti Ràúdátù. Mo wá háyà mọ́tò Gàní pé kó lọ gbé ìyàwó mi wá. Ìyá mi gbé omi dúró lẹ́nu ọ̀nà láti wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Mọ́tò yọ, a hó yèè. Mọ́tò kọjá lọ."

"Ó kọjá lọ síbo?"

"Ìbéèrè tí mo bá wá nìyẹn, Mógàjí."

Wọ́n pe Gàní dẹ́rẹ́bà. Ẹsẹ̀ kan ló fi dúró.

"Gàní, ṣé o ò rí ilé ni?"

"Mo rí i, mo tilẹ̀ kí wọn. Jìgá ló wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún mi, Mógàjí, ẹsẹ̀ ọ̀tún yìí náà la sì fi ń tẹ irin tó ń mú mọ́tò rìn. Téèyàn bá ti gbé e kúrò, mọ́tò ò lọ mọ́. Mo wá rí i pé òyìnbó ò ṣe mọ́tò yẹn parí kó tó fi ránṣẹ́. Èmi ni mo bá a parí ẹ̀."

"Kí lo fi parí ẹ̀?"

"Ọmọ ọlọ ìyàwó mi. Mo gbé e lé irin náà, ẹsẹ̀ mi sinmi, mọ́tò ń lọ jẹ́jẹ́, kò yára, kò dẹ̀rìn. Wállàhì, ẹ̀yin náà ì bá gbádùn ẹ̀."

"Nígbà tó wá yẹ kó dúró ńkọ́?"

"Orí ọmọ ọlọ yí sábẹ́ bíréèkì, ó há, ìdí ẹ̀ ṣì tẹ irin àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Bíréèkì ò ṣeé tẹ̀ mọ́."

"Ṣé mọ́tò ò ṣeé pa ni?"

"Ó ṣeé pa, Mógàjí. Títàn rẹ̀ ló le. Ẹ ò mọ ìyà tó fi jẹ mí kó tó tàn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo wá lọ fọwọ́ ara mi pa á?"

Àwọn ìjòyè wo ara wọn. Talatu, àbúrò ìyá ìyàwó tó sìn ín wá, kúnlẹ̀.

"A ké pé kó dúró títí ohùn wa fi há. Ẹkún la sun yí ìlú ká."

Láníyọnu, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta ẹ̀pà lọ́jà Ìpàta, kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

"Kò rí bẹ́ẹ̀, bàbá. Wọ́n ń sunkún lóòótọ́ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọjá. Nígbà tí wọ́n tún yí dé, orin ni wọ́n ń kọ. Nígbà tí wọ́n tún padà yọ, wọ́n ra ẹ̀pà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ni mo ń bá rìn tí mo fi ń wọ̀n ọ́n fún wọn."

"Ṣé o lè fẹsẹ̀ bá mọ́tò rìn ni?"

"Mo máa ń dúró dè wọ́n."

"Talatu, kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò bọ́ sílẹ̀?"

"Ẹrù ìyàwó wà nínú ẹ̀, Mógàjí. Ta la fẹ́ fi í sílẹ̀ fún?"

Epo ló tán tí mọ́tò fi kú lọ́nà Ṣàngó, lẹ́nu ọ̀nà Àbùbákàr, ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti wá di wàhálà. Àbùbákàr dìde.

"Ojoojúmọ́ ni ìyá mi ń tọrọ ìyàwó fún mi lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mọ́tò wá dá dúró síwájú ilé wa, ìyàwó ń bẹ nínú ẹ̀ tòun tẹrù. Ìyá mi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ilé tí wọ́n bá sì ti wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó, ilé ọkọ rẹ̀ nìyẹn. N ò jí ẹnikẹ́ni gbé."

Omi lé ròrò lójú Sàní. "Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń hun aṣọ tó máa ró wọlé mi."

Mógàjí yíjú sí ìyàwó. "Ràúdátù, ìwọ ò sọ fún wọn pé ibẹ̀ kọ́?"

Ó dáhùn lábẹ́ ìbòrí. "Wọ́n ní ìyàwó kì í sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, Mógàjí. Gbogbo ìgbà tá a kọjá nílé Sàní ni mo rí i. Mo ń juwọ́ sí i lábẹ́ aṣọ."

Mógàjí fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ ọlọ náà wá.

"Àbùbákàr, kí ló dé tí wọ́n fi ń wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó?"

"Torí ẹsẹ̀ ló gbé e dé ilé ọkọ."

"Ṣé ẹsẹ̀ Ràúdátù kanlẹ̀?"

"Rárá, Mógàjí. Mọ́tò ló gbé e."

"Ẹsẹ̀ Gàní ńkọ́?"

"Ó ń sinmi."

"Ọmọ ọlọ yìí nìkan ló ṣiṣẹ́ ẹsẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òun ló yẹ kí ìyá rẹ wẹ̀, òun ló sì wá sílé rẹ. Máa mú ìyàwó rẹ lọ. Kẹ́ ẹ wẹ̀ ẹ́ dáadáa o, ata wà lára ẹ̀. Ràúdátù, máa bá ọkọ rẹ lọ, kẹ́ ẹ sì fẹsẹ̀ rìn. Ìwọ Gàní tó bá òyìnbó parí mọ́tò, wàá fọwọ́ ti mọ́tò náà tòun tẹrù ìyàwó dé ilé Sàní, ìwọ àti jìgá rẹ. Nílé tìrẹ, ìwọ ni wàá máa gún ata, títí Àbùbákàr yóò fi kọ ìyàwó tiẹ̀ sílẹ̀."

"Tí kò bá wá kọ̀ ọ́ ńkọ́, Mógàjí?" ni Gàní wí.

Ìyá Àbùbákàr ti pọn ọmọ ọlọ sẹ́yìn, ó ń gba ọ̀já mọ́ ọn.

"Kò ní kọ̀ ọ́," ló dáhùn. "Mo ti rí ìyàwó tó mọ ata lọ̀, tí kò sì ní máa dá mi lóhùn."