Mo Ṣe Fìdáù fún Akéwì Òyìnbó

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí tí n ó fi wọ káà ilẹ̀. Ilé ìkàwé kan ní Peckham, nílùú London, ló ti ṣẹlẹ̀, níbi tí àwa àgbàlagbà mélòó kan ti máa ń pàdé ka ìwé. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa akéwì òyìnbó kan tó ti kú tipẹ́, tó fi ayé rẹ̀ kọ ewì nípa abúlé. Mo gbà kíá, nítorí ọmọọmọ mi, Rùkáyà, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ ní yunifásítì, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bílì iná nìkan ni mo ń kà. Mo pè é wá, kó lè mọ̀ pé bàbá òun àgbà kì í ṣe òpè.

Mi ò ka ìwé náà o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣí i, ẹ̀ẹ̀mejì loorun gbé mi lọ. Ṣùgbọ́n àgùntàn àti pápá tútù ló wà lára èèpo rẹ̀, mo sì rò pé ìyẹn ti tó. Ó ṣe tán, èmi ni mo máa ń sọ ìtàn ayé olóògbé níbi fìdáù àwọn ará wa títí dé Stockwell, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni mi ò sì mọ̀ rí.

Mo dìde, mo tún fìlà ṣe. Mo ní ọlọ́yàyà ni olóògbé, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Mo ní abúlé rẹ̀ tòrò, tọmọdé tàgbà ń jẹ àjẹyó. Mo wá ṣàdúà kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, mo sì dúró de àmín. Ìyá òyìnbó kan ṣoṣo ló ṣe é.

Rùkáyà na ọwọ́. “Grandpa, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè read page kan?”

Obìnrin kan ló wà nínú ewì tó kà. Ó ń fi ọwọ́ lásán hú ọ̀dùnkún nínú ilẹ̀ tí òtútù ti mú le, ebi ń pa ọmọ rẹ̀, àwọn olówó sì ń kọjá, wọ́n ń yin ẹwà pápá. Àṣé irú èmi yìí gan-an ni akéwì náà ń bá wí látìbẹ̀rẹ̀ ìwé dópin, àwa tó ń purọ́ pé abúlé dùn bí oyin. Ojú tì mí.

“But Grandpa,” ni Rùkáyà wí, kò rẹ́rìn-ín, “bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa ń describe abúlé tiyín fún mi. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn, honestly?”

Mo lè tún purọ́ fún un. Ṣùgbọ́n irọ́ náà ti sú mi. Mo ká ṣòkòtò sókè, mo fi àpá sòbìà tó wà lójúgun mi hàn wọ́n. Mo sọ nípa omi odò tí à ń mu, àti ọdún tí mi ò lè rìn lọ sílé ìwé, tí màmá mi ń pọ̀n mí lọ sóko pẹ̀lú ẹrù lórí. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé wa rí. Rùkáyà wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, ó fọwọ́ kan àpá náà.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kéèyàn tó yin òkú, kó kọ́kọ́ ka ohun tó kọ sílẹ̀. Inú bọ́ọ̀sì la wà nígbà tí Rùkáyà ní, “Next fìdáù, Grandpa, ẹ sọ òótọ́ nípa olóògbé yẹn.”

Mo ní, “Tí mo bá dán an wò, ta ló máa fún mi lóúnjẹ?”

A rẹ́rìn-ín títí bọ́ọ̀sì fi gbé wa kọjá ibi tó yẹ ká ti sọ̀ kalẹ̀.