Bí Mo Ṣe Mú Ìyá Àfẹ́sọ́nà Mi Lọ Wo Erin

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ di arúgbó kùjọ́kùjọ́: ọjọ́ tí mo mú ìyá àfẹ́sọ́nà mi lọ rìn nínú igbó ìjọba kan lọ́hùn-ún, lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń dáàbò bo erin àti àwọn ẹranko mìíràn.

Èmi àti Sìdí, àfẹ́sọ́nà mi, nìkan la kọ́kọ́ fẹ́ lọ. Ìyá rẹ̀, Alhaja, tó ń ta aṣọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ló ní kò ṣeé ṣe.

"Ìwọ àti ọmọ mi, nínú igbó? Èmi náà ń bọ̀."

Alhaja ò tíì gbà kí n fẹ́ ọmọ òun. Ó ní ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́ ò lè dáàbò bo ìyàwó. Mo wá rò ó pé àyè ti yọ. Mo fọwọ́ sọ̀yà, mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Inú igbó ni wọ́n bí mi sí." Irọ́ ni. Ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí mi sí, inú fóònù nìkan ni mo sì ti ń rí igbó.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi múra ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo di okùn, fèrè, agboòrùn, oògùn inú rírun, tọ́ọ̀ṣì fún ọ̀sán gangan, àti kúlà ìrẹsì kan. Mo yá bàtà òjò lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ọkọ̀ ojú omi. Mo ní kò burú, afẹ́fẹ́ á ráyè wọlé.

Nígbà tá a débẹ̀, ẹ̀ṣọ́ igbó wo ẹrù mi títí. "Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ máa gbé síbí ni?" Ó ní ká kó ẹrù sílẹ̀, ká máa tẹ̀lé òun, ká má pariwo, ká sì máa wo ilẹ̀ dáadáa. Fèrè ọrùn mi nìkan ni mo mú dání. Mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ta ló ń kọ́ ọmọ igbó ní ìrìn igbó?

A ò tíì rìn jìnnà tí mo fi rí nǹkan pẹrẹsẹ méjì tó ń jù fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀ bí etí lẹ́yìn ìgbẹ́. Igi ń ṣẹ́. Ó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa.

"Erin!"

Mo gba ẹ̀gbẹ́ Alhaja kọjá, mo sá. Bàtà kan bọ́, n ò wẹ̀yìn. Mo dì mọ́ igi kan, mo dijú, mo ń fọn fèrè kíkankíkan. N ò mọ̀ pé àárín ìjàlọ ni mo dúró sí. Ìjàlọ kì í kánjú. Wọ́n kọ́kọ́ gùn mí dé ibi tó wù wọ́n, lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn jọ bù mí jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo jó ijó tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi rí. Ìgbà tó dójú ẹ̀, mo bọ́ ṣòkòtò.

"Asitagafurulai!" Alhaja fi ìborùn bojú. Sìdí ti jókòó sílẹ̀, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè dìde.

Erin mi bá yọ. Ìyá àgbà kan láti abúlé ìtòsí ni, ó ru ìdì ewé gbàǹgbà tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ. Ó sọ ẹrù kalẹ̀. "Rọra, ọmọ mi, dúró jẹ́ẹ́." Ó fa ewé kan yọ, ó ń fi gbá ìjàlọ kúrò lẹ́sẹ̀ mi bí ẹni ń gbálẹ̀.

Nínú ọkọ̀, Alhaja kọjú sí fèrèsé, ó fi ìborùn bo ẹnu títí a fi wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Irọ́ ni mo pa. N ò wọ igbó rí láyé mi."

Ó wò mí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Òótọ́ ni mò ń retí lẹ́nu ẹ, mi ò wá akin." Ẹ̀rín tó ti ń pa mọ́ra wá bú jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lu dírẹ́bà. "Ní kí àwọn bàbá ẹ wá rí wa."

Mo ti kọ́gbọ́n: ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, kó má fi irọ́ gbé ara rẹ̀ ga, torí ibi tó máa já a kulẹ̀ sí lè ní ìjàlọ. Sìdí ti di ìyàwó mi báyìí. Ṣùgbọ́n kò sí àlejò tó wọ ilé Alhaja tí kò gbọ́ ìtàn yìí, ó sì ń fi iyọ̀ sí i ni. Lẹ́nu rẹ̀ lónìí, ìhòòhò ọmọlúwàbí ni mo wà, orí igi ni mo sì sùn mọ́jú. Èmi náà á kàn bá wọn rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo kọ́kọ́ parọ́, ta ni màá já ní irọ́?