Ẹni Tó Sọ Ìtàn Kànga fún Fàrídà

Ẹjọ́ kan wọ ilé Olóyè Adéagbo ní Òkèrèwè lọ́jọ́ Ẹtì kan lọ́dún 1998, irú èyí tí àwa ìgbìmọ̀ rẹ̀ kò gbọ́ rí. Bàbá Lágúnjú ló pẹjọ́. Fàrídà, ọmọ Ìpetumodù tó háyà yàrá nílé bàbá náà tó sì ń lọ sí yunifásítì, ló pè lẹ́jọ́.

Bàbá ní ẹnu òun lòun fi sọ fún Fàrídà bí bàbá bàbá òun ṣe dá nìkan gbẹ́ kànga agboolé àwọn. Ọmọ náà kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí tó fẹ́ fi gboyè. Ó gbé ìwé náà wá, bàbá wá orúkọ ara rẹ̀ títí dé ojú ewé tó kẹ́yìn, kò rí i.

"Olóyè, ó kọ ọ́ pé Íńtánẹ́ẹ̀tì ló sọ ọ́ fún òun. Ẹ bá mi bi í, ọmọ agboolé wo ni Íńtánẹ́ẹ̀tì?"

Fàrídà kúnlẹ̀. Ó ní kì í ṣe ènìyàn, inú kọ̀ǹpútà ló wà. Òun fi ìtàn náà ránṣẹ́ sí Abdulwahab, ẹ̀gbọ́n òun, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n òun gbé e síbẹ̀, òun sì lọ kà á níbẹ̀.

Olóyè ní, "Ìtàn tí o gbọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ onílé rẹ, o rán an lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kó tó padà wá bá ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bí mo bá ní bàbá onílé mi ló sọ ọ́, wọ́n á ní mi ò ṣe wàhálà kankan. Tó bá ti Lọ́ńdọ̀nù dé, wọ́n á mọ̀ pé mo ṣèwádìí."

Olùkọ́ rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Fáṣínà, jẹ́rìí pé ẹ̀ẹ̀mejì lòun wo ojú ewé Íńtánẹ́ẹ̀tì náà. Lákọ̀ọ́kọ́, ọjọ́ méje ni wọ́n fi gbẹ́ kànga. Nígbà kejì, ó ti di mọ́kànlá. Ó ní torí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe ń sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọjọ́ tó ka nǹkan níbẹ̀ sílẹ̀. Bí Fàrídà ò bá tún ìwé yìí ṣe kó tó di ọjọ́ Ajé, kò ní í gboyè lọ́dún náà.

Fàrídà ní ẹ̀gbọ́n òun kọ́ ló yí i. Bàbá ló tún ìtàn náà sọ lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀, tó fi ọjọ́ mẹ́rin lé e, òun sì fi ìyẹn náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n òun.

Bàbá ní òun kì í yí ọ̀rọ̀ padà. Olóyè bá pe Àṣàbí, ìyàwó bàbá. Obìnrin náà ní nígbà tí bàbá ń fẹ́ òun sọ́nà, ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Nígbà tí wọ́n sọ àkọ́bí àwọn lórúkọ, ó ti di mẹ́sàn-án, ẹkùn kan sì ti wà níbẹ̀.

"Ẹkùn náà ò pa bàbá yẹn jẹ?"

"Ó ń bá a kó yẹ̀pẹ̀ ni, Olóyè."

Ọ̀kan nínú wa bọ́ síta lọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wọlé padà, Olóyè dájọ́. Kí Fàrídà yọ Íńtánẹ́ẹ̀tì kúrò, kó kọ Bàbá Lágúnjú síbẹ̀, agboolé rẹ̀, ọjọ́ tó sọ ìtàn náà àti irú ojú ọjọ́ tó wà níta, torí bàbá náà ń yí padà.

Ó kọjú sí bàbá. "Ọjọ́ méje ni yóò wà nínú ìwé. Títí ọmọ yìí yóò fi gboyè, Bàbá, ẹ ò gbọdọ̀ fi ẹyọ ọjọ́ kan lé e."

Bàbá ní, "Ẹkùn ńkọ́?"

Ẹkùn yìí ló gbà wá lákòókò jù. Níkẹyìn Olóyè bi Ọ̀gbẹ́ni Fáṣínà bóyá àyè máa ń wà nísàlẹ̀ ojú ìwé, níbi tí wọ́n ti ń kọ̀wé wẹ́wẹ́. Olùkọ́ ní ó máa ń wà.

"Ẹ jẹ́ kó máa kó yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀."