Físà fún Lándílọ́ọ̀dù àti Ayálégbé

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Baálẹ̀ Abà Ọlọ́pẹmẹ́ta lánàá, lẹ́yìn Olódò níbẹ̀ yẹn, ẹni tí kò sí níbẹ̀ yóò ní irọ́ ni. Ọmọ́ṣọlá ọlọ́sìn adìyẹ, obìnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ló pe Alàgbà Láyí lẹ́jọ́. Ọ̀rá ńlá kan tó kún fún ìwé ló gbé lé ẹsẹ̀.

"Kí ni Láyí ṣe fún ọ?" Baálẹ̀ Sàníù bi í.

"Baba, ọdún kọkàndínlógún rèé tí èmi àti Alàgbà ti jọ ń gbé. A fẹ́ lọ fẹ̀yìntì sí òkè òkun, níbi tí oòrùn wà tí kò sì sí ariwo jẹnẹrétọ̀. Mo ti ta gbogbo adìyẹ mi. Àwọn ẹ́ḿbásì ní kò kan àwọn bóyá a ṣègbéyàwó tàbí a ò ṣe. Ká ṣáà ti jọ ní àkáǹtì kan ní báǹkì, ká sì mú ẹ̀rí wá pé a jọ ń gbé bíi tọkọtaya."

"Ìyẹn ò le."

"Kò le, Baba. A lọ sí báǹkì ní Adégbayì. Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní ká kọ ohun tá a jẹ́ síra wa síbẹ̀. Mo ní kí n lọ mumi. Kí n tó dé, Alàgbà ti kọ ọ́."

"Kí ló kọ?"

Ọmọ́ṣọlá fa ìwé náà yọ. "Lándílọ́ọ̀dù àti ayálégbé."

Ìgbìmọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ń wá awò ojú rẹ̀.

"Ẹ́ḿbásì dá ìwé wa padà. Wọ́n ní àwọn kì í fún ayálégbé ní físà torí pé lándílọ́ọ̀dù rẹ̀ ń rìnrìn àjò. Wọ́n fún wa di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ká mú lẹ́tà Baálẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe físà ló ń dùn mí, Baba. Mo fẹ́ kí Alàgbà sọ ohun tí mo jẹ́ sí wọn lójú gbogbo ayé, ẹ̀ẹ̀kan péré."

Alàgbà Láyí dìde nínú aṣọ àdúrà funfun báláú.

"Baba, ẹ gbọ́ tẹnu tèmi náà. Nígbà tí ìyàwó mi kú, mo dúró níwájú ìjọ, mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé n kò ní fẹ́ obìnrin mìíràn mọ́ láyé. Gbogbo ìjọ sunkún. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n fi mí jẹ Alàgbà. Ṣé kí n wá fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé mo ti yẹ ẹ̀jẹ́?"

"Ta ni yóò rí i ní báǹkì?" Baálẹ̀ bi í.

"Akọ̀wé tó gba fọ́ọ̀mù yẹn, ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa!"

Ọ̀tún Najeem dá sí i láàárín ìgbìmọ̀. "Ṣé obìnrin yìí ń sanwó ilé?"

"Mo ń já risíìtì fún un lọ́dọọdún."

"Owó ni mo béèrè, ìwọ ń sọ risíìtì."

"Ó ń... ó ń se ọbẹ̀."

Ọmọ́ṣọlá kó risíìtì mọ́kàndínlógún sílẹ̀, gbogbo wọn ló ní òǹtẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, òun àti Láyí jọ fi risíìtì rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wọ́n ni. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín náà ti tán lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá Ìjọ Olúfúnmi jáde láti jẹ́rìí gbe Alàgbà.

"Ayálégbé ni, Baba. Mo lè búra."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ìdájí ni mo máa ń lọ pe Alàgbà fún àdúrà. Ayálégbé yìí ló máa ń ṣílẹ̀kùn fún mi."

"Ìlẹ̀kùn ta?"

"Ti Alàgbà."

"Kí ló máa ń wọ̀?"

Ìyá Ìjọ wolẹ̀. "Síńgílẹ́ẹ̀tì Alàgbà. Ṣùgbọ́n Baba, ó wọ̀ ọ́ bí ayálégbé."

Wọ́n pe Mùsílímátù, tó ń yan gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn.

"Tọkọtaya ni wọ́n! Kò sọ́jọ́ tí wọn kì í jà. Lándílọ́ọ̀dù wo ló ń bá ayálégbé jà nítorí orí ẹja?"

"Irọ́ ni!" Ìyá Ìjọ ké. "Wọn kì í jà rárá. Gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn bí ojú!" Ó yára fọwọ́ bo ẹnu.

Láyí yíjú sí i. "Gbogbo ìjọ mọ̀?"

"Láti ọdún kẹta, Alàgbà. À ń retí kẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ ni."

Ọmọ́ṣọlá wo ojú Láyí. Ojú ti ọkùnrin náà, ó sì gbójú kúrò lára rẹ̀. Ìyẹn ló dun obìnrin náà jù.

Baálẹ̀ gbé bírò. "Mo máa kọ lẹ́tà. Màá kọ ọ́ pé Ọmọ́ṣọlá ti bá ọkùnrin kan gbé bíi tọkọtaya lábà yìí fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ṣùgbọ́n mi ò ní kọ orúkọ ọkùnrin náà. Láyí ní òun kọ́, mi ò sì lè purọ́ mọ́ alàgbà ìjọ. Màá fi àyè sílẹ̀. Ọmọ́ṣọlá ni kó kọ orúkọ ẹni tó bá wù ú síbẹ̀, kóun àti onítọ̀hún sì máa lọ."

Ọ̀tún Najeem, tí ìyàwó rẹ̀ kú léṣìí, wúkọ́. "Orúkọ tèmi ò gùn, Baba. Mo sì fẹ́ràn oòrùn."

Láyí fò dìde. "Ìyàwó mi ni!"

Gbogbo ìgbìmọ̀ yíjú sí i.

"Mi ò gbọ́," Ọmọ́ṣọlá wí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó gbọ́.

"Mo ní ìyàwó mi ni! Láti ọdún mọ́kàndínlógún!"

Omijé bọ́ lójú Ọmọ́ṣọlá, kò sì nù ún. Nígbà tí Baálẹ̀ kọ lẹ́tà náà tán, Ọmọ́ṣọlá gbà á, ó gba bírò, ó gbé bírò lé àyè tó ṣófo náà. Ṣùgbọ́n kò kọ orúkọ kankan, ó dé bírò náà padà.

"Bí Alàgbà ṣe sọ ọ́ yìí náà ni kí wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, níbi tí wọ́n ti jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ibẹ̀ ni màá ti kọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni mo dá a," Baálẹ̀ wí.

Bí wọ́n ṣe ń túká, Ọ̀tún Najeem, tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, rọra sún mọ́ Ìyá Ìjọ, ó bi í pé aago mélòó ni ìsìn wọn ń bẹ̀rẹ̀, torí bí Alàgbà bá tún kọ̀, àyè ṣì ṣófo nínú lẹ́tà.