Sálúbàtà Ìyá Almasa

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Zulfo fi ń gba ipò kejì.

Lọ́dọọdún, kí wọ́n tó ṣí odò Sana fún ẹja pípa, àwọn apẹja abúlé rẹ̀ a máa kó kòkòrò ẹ̀tàn wá sí ilé kọfí, èyí tí wọ́n fi òwú àti irun dì mọ́ ìwọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù, tí ara rẹ̀ sì tín-ín-rín jù, òun ni yóò kọ́kọ́ ju ìwọ̀ sábẹ́ afárá, níbi tí ẹja ńláńlá wà. Remzo, aládùúgbò rẹ̀, ló ń gbà á lọ.

"Zulfo, tìẹ tún sanra," ni Remzo máa ń wí. "Àbí ó ti lóyún ni?"

Lọ́dún yìí, Zulfo fi ẹ̀mú di ìwọ̀ kan tí kò tó ààbọ̀ hóró ìrẹsì mú. Ó la òwú ṣẹ́dà sí méjì, ó fi ìda pa á. Ó fa irun mẹ́ta péré yọ létí awọ ehoro, ó fi ìka lọ́ ọ mọ́ òwú, ó wé e lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó dúró. Ẹ̀ẹ̀kẹfà ló máa ń sọ ọ́ di aboyún. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Tó bá fẹ́ mí, á kọ́kọ́ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tó parí, ó gbé e sórí aṣọ tábìlì, ó lọ wá ìgò tí yóò fi í sí.

Gbàà!

Zulfo sáré padà. Vahida ìyàwó rẹ̀ dúró nídìí tábìlì, sálúbàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ti bá ọ pa á. Kantíkantí kan ló fẹ́ bà lé búrẹ́dì."

"Ìyá Almasa, iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn."

Vahida yí sálúbàtà náà wò. Ìwọ̀ ti há sí abẹ́ rẹ̀.

"Bàbá Almasa, ó mà jọ kantíkantí gidi o."

Inú Zulfo bàjẹ́, àmọ́ ìyìn náà dùn mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù kí ìdíje bẹ̀rẹ̀. Ó gba sálúbàtà, ó di ilé kọfí.

"Kí lèyí?" ni Bàbá Hasib bi í. Òun ni adájọ́, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ sọ fún un pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú.

"Ìyàwó mi rò pé ó lẹ́mìí, sà, ló bá pa á."

Remzo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Aboyún ni lọ́dún tó kọjá. Lọ́dún yìí, òkú ni."

"Gbé bàtà kúrò níbi tí a ti ń mu kọfí," ni Bàbá Hasib wí.

Ó gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá sójú, ó tẹ̀ mọ́ àwo funfun tí wọ́n to kòkòrò sí. Ó wo ti Remzo kọjá. Létí àwo, ó dúró.

"Ẹ wo bí ara rẹ̀ ṣe fúyẹ́ tó," ni ó wí. "Òwú kankan kò lé níbẹ̀. Ogójì ọdún tí mo ti ń dájọ́, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ta ló di èyí?"

Àwọn apẹja wojú ara wọn. Zulfo wo àwo, ó wo sálúbàtà.

"Èmi ni, sà. Méjì ni mo ṣe."

Bàbá Hasib kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bó ṣe gbé bírò kúrò lórí ìwé báyìí, ohun tó wà létí àwo na ìyẹ́.

Yììì...

Ó yí ife kọfí po, ó sì bà sí ìpéǹpéjú adájọ́.



"Kantíkantí gidi nìyẹn!" Remzo já sálúbàtà gbà lọ́wọ́ Zulfo.

Gbàà!

Bàbá Hasib kò pariwo. Ó fi ìka wá ìpéǹpéjú rẹ̀ títí ó fi rí nǹkan, ó rọra tú u, ó gbé e sábẹ́ awò. Ìwọ̀ ni. Irun ehoro mẹ́ta, òwú ṣẹ́dà tí wọ́n wé lẹ́ẹ̀marùn-ún.

"Remzo, kantíkantí wo ló ní ìwọ̀ nídìí?"

"Bàbá, ó fò. Gbogbo wa la rí i."

"Afẹ́fẹ́ ló gbé e. Ṣebí mo ní ara rẹ̀ fúyẹ́." Ó fa igi lé orúkọ Remzo. "O ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́, o sì gbá adájọ́ ní bàtà. Zulfo ló ni abẹ́ afárá."

Wọ́n bọ Zulfo lọ́wọ́ lọ́tùn-ún lósì. Ó yíjú sí aládùúgbò rẹ̀.

"Remzo, jọ̀ọ́, fún mi ní sálúbàtà yẹn. Ẹsẹ̀ kan ni Ìyá Almasa ń wọ̀ kiri ilé."