Àgbọ̀nrín Sókótó

Mojísọ́lá ni orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè dárúkọ rẹ̀ kí n tó gbàgbé, nítorí arúgbó ni mí, ọpọlọ sì ti ń jò. Ọjọ́ tí ó fi ẹran kan dójú tì mí ní Sókótó kò ní tán lọ́kàn mi títí wọn ó fi da yẹ̀pẹ̀ bò mí.

Èmi ni mo gba ọmọ náà sílé nígbà tó wá sìnlú lẹ́yìn yunifásítì, nígbà tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́dún 1979. Kò gbọ́ Hausa kankan. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí ọlọ́jà, èmi ni mo kọ́ ọ pé kó máa wọ́n omi sí ibùsùn nígbà tí ooru Sókótó bá ń se ènìyàn bí ẹ̀wà. Ó sìnlú tán, kò padà sílé. Ó di olùkọ́ jọ́gíráfì ní ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin lójú ọ̀nà Kalambaina, níbi tí èmi ti ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò pẹ́, kò jìnnà, àyè igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé ṣí sílẹ̀, a sì gbọ́ pé àwa méjèèjì ni wọ́n ń wò.

Ẹ má rò pé ipò lásán ni mò ń wá. Ilé kan bá ipò náà wá ní Arkilla, ilé tuntun tí omi ẹ̀rọ ń yọ nínú rẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni mò ń gbé, ìyá mi sì dá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Mo ti ránṣẹ́ sí i pé kó máa múra, pé kí Kérésì tó dé yóò ti wà lọ́dọ̀ mi. Obìnrin náà ti pín adìẹ rẹ̀ fún ará ilé.

Ìgbà yẹn gan-an ni òbí ọmọ kan fún ilé-ìwé wa ní ẹran ìgbẹ́ kan tí àwọn Hausa ń pè ní barewa. Hájíyà, ọ̀gá wa, béèrè níbi ìpàdé pé ta ló lè tọ́jú rẹ̀, nítorí àlejò pàtàkì ń bọ̀ láti ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, ó sì fẹ́ kí àlejò náà rí i. Mo jókòó jẹ́ẹ́ mi. Mojísọ́lá ló nawọ́.

“Hájíyà, ọdẹ ni bàbá Àǹtí. Kò sí ẹran tí wọn ò mọ̀.” Ó wá yíjú sí mi, ó fi Yorùbá bi mí, ẹ̀rín músẹ́ lẹ́nu rẹ̀: “Àbí ẹ ò mọ barewa ni, Àǹtí?”

Ta ni yóò gbọ́ irú ìyẹn lẹ́nu ọmọ tó sùn lórí ẹní rẹ̀ rí, tí kò ní fèsì? Mo ní, “Kí ló ń jẹ́ barewa bí kò ṣe àgbọ̀nrín? Ọbẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi wò mí dàgbà.”

Hájíyà ní, “Madalla! Ọwọ́ yín ló wà, Màlámà.”

Bí àgbọ̀nrín ni mo ṣe tọ́jú rẹ̀. Àgbọ̀nrín fẹ́ràn ibòji, ó fẹ́ràn igbó dídí tó tutù, kì í sì í jìnnà sí odò. Mo so ó mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, lábẹ́ dóńgóyárò tí ewé rẹ̀ bo ojú ọ̀run, mo sì ń da omi yí i ká kí ara lè tù ú. Mo fún un ní èèpo ẹ̀gẹ́. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí bí àna tí wọ́n gbé ọbẹ̀ kíkan fún. Mo lọ ra ewé ilá lọ́jà. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo gbé omi fún un nínú báàfù tí mo fi ń wẹ̀. Kò fi ẹnu kàn án. Ó dúró nínú ẹrẹ̀ tí mo dá sílẹ̀ fún un, ó ń gbọ̀n, egungun ìhà rẹ̀ ń yọ. Èmi àgbàlagbà oníwèé bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ bẹ ẹran: “Jọ̀ọ́, má kú. Bó o bá tilẹ̀ fẹ́ kú, jẹ́ kí àlejò lọ ná.”

Ní àárọ̀ kan mo débẹ̀, ó ti já okùn. Inú pápá gbalasa lẹ́yìn ilé-ìwé ni mo ti rí i, níbi tí oòrùn ti ń jó yanrìn. Ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró bí ènìyàn, ó ki ẹnu tín-ín-rín bọ àárín ẹ̀gún igi bàgàrúwá, ó ń ṣa ewé wẹ́wẹ́ àti èso rẹ̀ jẹ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Àgbọ̀nrín wo ló ń sá kúrò lábẹ́ ibòji? Mo ní oòrùn Sókótó ti yí i lórí. Mo wọ́ ọ padà sínú ẹrẹ̀.

Lónìí tí mo ti kàwé nípa rẹ̀, mo mọ̀ pé ilẹ̀ gbígbẹ ni ilé barewa, pé ibi tí ojú rẹ̀ bá ti lè rí ọ̀nà jíjìn ni ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀, pé omi inú ewé lè tó o fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún mi nígbà náà? Olùkọ́ jọ́gíráfì ń kọjá lójoojúmọ́, ó ń kí ẹran náà ju bó ṣe ń kí mi lọ, kò la ẹnu.

Ọjọ́ àlejò pé. Mo wọ léèsì, mo dé wíìgì tuntun, mo wọ bàtà gogoro. Kí ẹran má baà tún já, mo wé okùn rẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ ara mi. Ọgbọ́n nìyẹn. Àlejò sọ̀ kalẹ̀ nínú baban-rígà funfun, atẹ́gùn ọyẹ́ kó sínú aṣọ náà, ó fẹ̀ bí àgọ́. Barewa rí i. Ó kọ́kọ́ dúró gan-an bí igi. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè lójú kan, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin le gbọnrangandan, ìdí rẹ̀ funfun ń kọ mànà.

Àlejò béèrè pé kí ló ń ṣe.

Mo ní, “Inú rẹ̀ ń dùn ni, sà. Ijó ìkíni ló ń jó fún yín.”

Ijó kọ́ o. Bó bá rí ọ̀tá ló ń fò bẹ́ẹ̀, láti sọ fún un pé mo ti rí ọ, o ò lè bá mi. Àlejò ò mọ̀, ó pàtẹ́wọ́. Gbogbo ilé-ìwé bá a pàtẹ́wọ́.

Barewa ki eré mọ́lẹ̀, ilẹ̀ bá kúrò lábẹ́ mi. Ẹran tí kò tó ewúrẹ́! Bàtà kan lọ, èkejì tẹ̀lé e. A la àárín àlejò àti Hájíyà kọjá, a jáde ní géètì, a bọ́ sójú ọ̀nà tí eruku ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti sọ di funfun. Mo ń sáré, mo ń ṣubú, mo ń dìde. Awakọ̀ akẹ́rù kan yọrí, ó ké pé, “Kai! Ẹ tú okùn sílẹ̀!” bí ẹni pé ìyẹn ò tíì wá sí mi lọ́kàn. Igi bàgàrúwá kan gba wíìgì mi. Èyí tó tẹ̀lé e gba èmi fúnra mi. Inú ẹ̀gún ni mo wà tí okùn fi já. Barewa dúró díẹ̀ lókèèrè, ó wẹ̀yìn wò mí, ó sì gba inú pápá lọ títí ó fi di eruku.

Mo padà wọlé, mo funfun bí ẹni tí wọ́n fi ẹfun kùn, irun tí mi ò dì láti ìgbà pípẹ́ hàn sí gbogbo ayé. “Màlámà, barewa dà?” ni gbogbo ohun tí Hájíyà rí sọ. Mojísọ́lá ti sáré lọ já wíìgì mi lórí igi. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níṣojú àlejò bí ọmọ tó dára, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi.

“Àǹtí,” ló wí, “orí yín rèé, ẹ gbà.”

Òun náà ló kó lọ sí Arkilla. Láàárín àwa Yorùbá tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ mi di Àgbọ̀nrín Èṣí, nítorí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti ré kọjá rẹ̀, àgbọ̀nrín èṣí ló ń jẹ lọ́bẹ̀. Mo ránṣẹ́ sí ìyá mi pé kó tú ẹrù. Kò béèrè ìdí. Àwọn tó gba adìẹ kò dá a padà. Òjò ọdún tó tẹ̀lé e kò bá ìyá mi láyé.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tó bá dé ilẹ̀ onílẹ̀, kó má so okùn ohunkóhun mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Bí mo bá rántí dé ibi wíìgì, mo máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kí ẹ̀rín náà tó jáde tán, yóò ti di ikọ́.

Mojísọ́lá wá kí mi láìpẹ́ yìí, òun náà ti ń fi ọ̀pá rìn. Láti ọjọ́ tí barewa wọ́ mi ni mo ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ dè é. Mo gbé omi fún un, mo dúró kó mu ún, mo ní, “Mojísọ́lá, kí ni mo fi ṣe ọ́ tó o fi tì mí sọ́wọ́ ẹran yẹn?”

Ó gbé ife sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó nu ẹnu.

“Àǹtí mi, barewa lèmi pè é o. Ẹ̀yin lẹ pè é ní àgbọ̀nrín.”